Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá nípa kíláàsì eré orí ìtàgé fún ọmọ ilé-ìwé girama

Bí táàmù bá ti ń wọlé ni fóònù mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òbí tòní á béèrè ohun tí òbí àná béèrè. Mo wá jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí táwọn ọmọ fúnra wọn máa ń yọ́ béèrè nígbà tí ìyá wọn bá ti kúrò nítòsí. Ìbàdàn la wà. Ọjọ́ Sátidé la ń pàdé, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago kan ọ̀sán. Ọmọ JSS3 títí dé SS3 la ń gbà.

Kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an? Àbí wọ́n kàn ń ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni?

Orúkọ iṣẹ́ yìí ló ń dà wá láàmú. Eré ayò, eré bọ́ọ̀lù, eré orí ìtàgé: eré ni Yorùbá pe gbogbo wọn, òbí tó bá sì ti gbọ́ "eré" á rò pé ṣe lọmọ òun ń lọ fi àkókò ṣòfò. Ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ wọn kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, etí ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n bá gbọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn á ní "ariwo mọ́tò." Mọ́tò wo? Ọ̀kadà ni àbí máíkírà? Ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀? Obìnrin tó ń polówó búrẹ́dì yẹn ńkọ́, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé? Ọmọ tó bá ti lè gbọ́ àárẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń polówó ọjà ti mọ ìdajì iṣẹ́ òṣèré.

Lẹ́yìn etí ló kan èémí àti ohùn, lẹ́yìn ohùn ló kan ara: bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń wọlé, bí ìjókòó àgbàlagbà ṣe yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Àlọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ eré fúnra rẹ̀, nítorí pé ègbè ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní rí nǹkan ṣe. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ti kọ́ ọmọ níṣẹ́ jù mí lọ.

Ọmọ mi máa ń tijú. Ṣé kò ní jìyà láàárín yín?

Àwọn onítìjú ló pọ̀ jù nínú wa. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn wọn ju ọmọ tí gbogbo ẹbí ti ń sọ fún pé "ìwọ á ṣe tíátà o." Ìyẹn máa ń gbé ìwà mẹ́ta wá láti inú fíìmù: ẹkún rẹ̀ bákan náà, ìbínú rẹ̀ bákan náà, ẹ̀rín rẹ̀ bákan náà. Ó máa ń tó táàmù kan gbáko kí n tó tú u kúrò lára rẹ̀. Onítìjú ti ń wo èèyàn láti kọ̀rọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ó ti kó nǹkan jọ.

A kì í tì wọ́n síwájú. Ọmọ lè wà nínú ègbè, ó lè máa lu agogo, ó lè máa di ìwé eré mú fún àwọn tó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó di ìwé eré mú fún táàmù méjì láìwí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ibà dá ẹni tó yẹ kó ṣe ìyálóde dúró sílé, òun nìkan ló mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyálóde lórí. Ó bọ́ síta, ó sì ṣe é. Ẹ má rò pé ìtìjú rẹ̀ ti lọ o. Títí dòní, tó bá ń kí mi, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Èdè wo lẹ fi ń ṣe é? Ọmọ tiwa ò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

A ń lo Gẹ̀ẹ́sì, a ń lo Yorùbá, àmọ́ Yorùbá la fi ń kọ́ ohùn, nítorí pé kì í gbà fún ẹni tó bá fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹpẹrẹ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹ̀yin náà mọ ìyàtọ̀ wọn. Lọ́dún kan, ìyàwó inú eré wa yẹ kó figbe ta lórí òkú ọkọ rẹ̀ pé "Ọkọ mi ti lọ!" Ẹ̀rù bà á, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó já, ó di "Ọkọ̀ mi ti lọ!" Ẹnìkan láàárín òǹwòran dá a lóhùn pé kó má sunkún, òmíràn ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Òkú tó wà nílẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ẹ̀rín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ jà lórí ariwo. Bí èèyàn bá ń pariwo, gbogbo ohùn ló máa ń sá lọ sókè, ohùn ìsàlẹ̀ á sọnù. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn á gbọ́ igbe, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ń gbé ohùn jìnnà, kì í ṣe ọ̀fun. A máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja, kálukú á gbé ìwé kan lé ikùn, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀, èjìká ò sì gbọdọ̀ mì. Lẹ́yìn ìyẹn la ó lọ sídìí dùndún. Onílù á fi ìlù sọ gbólóhùn kan látinú eré tí a ń ṣe, àwọn ọmọ á tú u. Apá yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé kí n sọ ìyókù nù, kó jẹ́ ìlù nìkan la ó máa tú títí aago kan á fi lù.

Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ tó wá lo ìsinmi láti London àti Houston máa ń dara pọ̀ mọ́ wa. A kì í di ọ̀rọ̀ gígùn rù wọ́n. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, ó di oríkì ìdílé wọn. Bàbá àgbà kan gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń pe "gb" bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó yọ gèlè orí ìyàwó rẹ̀, ó fi nu ojú.

SS3 ló wà, WAEC ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kó parí ìdánwò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì SS3, a kì í fún ọmọ ní ipa tó gùn. Èmi ò bá WAEC du ọmọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ka Literature, eré ní apá tirẹ̀ nínú ìdánwò yẹn, ti Áfíríkà àti ti ilẹ̀ mìíràn, ọmọ tó bá sì ti dúró nínú ìran kan rí máa ń mọ ìdí tí ẹnìkan fi wọlé àti ìdí tó fi jáde, láìjẹ́ pé ó há ìdáhùn sórí. Àwọn ọmọ JSS náà ń bá eré pàdé nínú Cultural and Creative Arts. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ṣe é: "ẹ kọ oríṣi eré mẹ́rin sílẹ̀."

Ṣé ọmọ mi ò ní di alárìnjó?

Bàbá kan ló béèrè báyìí, kò fi ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu wa bí èébú: ẹni tó ń rìn tó ń jó kiri, tí kò ríṣẹ́ gidi ṣe. Mo ní kí bàbá náà jókòó.

Inú eégún ni eré alárìnjó ti jáde, ní Ọ̀yọ́, kó tó di pé àwọn òṣèré ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Lọ́dún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé, eré ni Aláàfin fi ṣe é lálejò. Òyìnbó náà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Òjòlá ńlá kan jáde, èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan jáde tó funfun báláú, tó tín-ín-rín, tí òtútù ń mú: òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Àlejò jókòó, ọba jókòó, wọ́n sì ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀, gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó lè dán ìyẹn wò níwájú Aláàfin kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóòsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ti ṣe tíṣà, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá kó tó gbájú mọ́ eré. Tíṣà ni Dúró Ládiípọ̀, tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, kí àwọn náà tó di olórí ẹgbẹ́ eré. Lọ́dún 1964, Ládiípọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Berlin, wọ́n ṣe Ọba Kò So, eré rẹ̀ nípa Ṣàngó, níbẹ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé.

Kí n wá dá bàbá náà lóhùn tààrà: ó lè dà á. Lára àwọn tó ti gba ọwọ́ wa kọjá, àwọn díẹ̀ ń ṣe eré jẹun. Àwọn tó kù ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń ta ọjà, ọ̀kan ń ṣe lọ́yà, ó sì sọ fún mi pé ìwé tó máa ń gbé lé ikùn yẹn lòun ṣì ń rántí kóun tó dìde níwájú adájọ́.

Ìjọ wa ò gba òrìṣà láàyè. Ẹ ò ní kó wọn sínú rẹ̀?

Ọmọ tó ṣe Ṣàngó nínú eré kò bọ Ṣàngó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe Júdásì lọ́jọ́ Àjíǹde kò ta Jésù. Ẹ sì wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó bí eré wa òde òní. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ fún ní 1944, ọgbà Édẹ́nì ló dá lé. Ládiípọ̀ kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo ní 1961, ó fi ìlù ìbílẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ di ariwo, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ìta.

Bí òbí bá ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun wọ ẹ̀kú, a ó wá ipa mìíràn fún un, kò dìjà. A kì í pe ọfọ̀ pé lórí ìtàgé wa. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wa; bí rìhásà bá gùn wọ ọ̀sán, a máa ń dúró fún ìrun Àílà, a kì í sì í fún ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ní ijó tó máa gbẹ ẹ́ lọ́fun.

Ọmọbìnrin ni. Rìhásà alẹ́ ńkọ́?

A kì í ṣe rìhásà alẹ́. Tí eré bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, a ń fi ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kún un, gbogbo ọmọ á sì ti kúrò kó tó di aago márùn-ún. Àgbàlagbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ obìnrin. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ọkùnrin yàtọ̀, ti obìnrin yàtọ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ di ọmọ léjìká mú láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà nínú eré, àmọ́ ojú la fi ń ṣe é, a kì í dì mọ́ra. Òbí tó bá fẹ́ wá jókòó wò, ìjókòó wà. Ẹ kàn má ṣe bá wa darí eré.

Ta ló ń kọ eré tí ẹ ń ṣe?

Àwọn ọmọ àti àwa ni. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ alárìnká àtijọ́ kò ní ìwé eré. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ìtàn, á pín ipa, òṣèré á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú agbo. Ọ̀nà yẹn la ń tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Màá fún wọn ní nǹkan kékeré kan, bíi "omi ẹ̀rọ dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, garawa kan ṣoṣo ló wà," wọn á ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kò ní jọra. Lẹ́yìn náà la ó kọ èyí tó dára jù sílẹ̀.

Àwọn òbí kan máa ń béèrè bóyá wọn ò ní fi bú ìjọba. Wọ́n lè bú u o. Lọ́dún 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú, ó di 1966 kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn ọmọ tiwa, tíṣà tó ń gba owó ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà á jókòó, bíi Clapperton.

Kí ló dé tí ẹ ò fi ọmọ mi ṣe ọba?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí á dé. Ìyá kan ti gbé ike wàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá nítorí rẹ̀. A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, gbogbo wa la pín in, ọmọ rẹ̀ sì ṣe ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba. Ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹlòmíràn jù la ń fún ní ipa tó gùn, kì í ṣe ẹni tó dúdú jọ ọba tàbí tí àgbádá bàbá rẹ̀ tóbi jù. Ọba tí kò gbọ́ ohun tí ìjòyè sọ, tó kàn ń dúró de ìgbà tí ó máa kan òun, á pa gbogbo ìran náà. Olúkúlùkù ló ń yí ipa ṣe láti táàmù dé táàmù.

Báwo ni mo ṣe máa há ọ̀rọ̀ yìí sórí? (Àwọn ọmọ ló ń béèrè èyí.)

Má jókòó tì í bíi Bible Knowledge. Ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ju tìrẹ lọ, torí pé òun ló máa fa tìrẹ jáde. Gbé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ jókòó kó máa ka apá kejì fún ọ nígbà tó o bá ń fọ abọ́ tàbí tó o bá ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ran orí lọ́wọ́. Tó bá di pé o lè sọ ọ́ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, kí o lè mọ ibi tí ohùn ti ń wálẹ̀. Ẹ rántí ọkọ̀ Dùgbẹ̀.

Bí mo bá gbàgbé lórí ìtàgé ńkọ́?

O máa gbàgbé. Má wo ilẹ̀, má wo ẹ̀yìn, wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Nígbà púpọ̀, ìdáhùn á wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, onílù wa ti mọ̀, á lu nǹkan díẹ̀, o lè rìn yí ìtẹ́ ọba ká bí ẹni tó ń ronú. Lọ́jọ́ kan, NEPA mú iná lọ láàárín eré, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn. Àwọn ọmọ ò dúró. Onílù ń fi dùndún pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹni náà á sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn biribiri. Nígbà tí iná dé, èèyàn méjì lára òǹwòran bú ẹnu àtẹ́ lu iná.

Ṣé mo lè ya rìhásà sórí TikTok?

Rárá. Fóònù wà nínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi parí. Ọmọ tó mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun kò ní gbà kí òun ṣe àṣìṣe, àṣìṣe la sì wá ṣe.

Èló ni?

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo lè sọ síbí ni pé a kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ aṣọ tuntun. Àgbádá bàbá, ìró ìyá àgbà, fìlà tí ẹnìkan ò dé mọ́: ìyẹn ti tó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó bá jọ wá, ẹyọ kan ni wọ́n ń san ní kíkún.

Bí ó bá fẹ́ kà á ní yunifásítì ńkọ́?

Kó ṣe Literature, kó sì yege nínú rẹ̀ àti nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kó wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB fún ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn: Theatre Arts ni Ìbàdàn ń pè é, Dramatic Arts ni wọ́n ń pè é ní Ifẹ̀, ó jẹ́ Performing Arts ní Ìlọrin. Ti Ìbàdàn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń pè é ní School of Drama. A máa ń kó àwọn ọmọ lọ wo eré ní Arts Theatre níbẹ̀, kí wọ́n rí àwọn tí wọ́n fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ tí wọ́n ń ṣe é. Ní ti kí wọ́n lọ wo ilé ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sí Ìgánmú ní Èkó fún FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n fi sọ orí Wọlé Ṣóyínká ní 2024, owó bọ́ọ̀sì ni kò tíì jẹ́.

Tíṣà ni mí. Ṣé mo lè dá irú ẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwé wa láìní gbọ̀ngàn?

Dá a sílẹ̀. Abẹ́ igi la ti bẹ̀rẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà ìtàgé sílẹ̀, kí o sì kọ́ wọn pé ọwọ́ ọ̀tún òṣèré ni à ń pè ní ọ̀tún ìtàgé, kì í ṣe ti òǹwòran, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa forí gbára. Wá onílù kan, kódà bó jẹ́ ọmọ kíláàsì tó ń lu tábìlì. Má gba ọmọ tó ju ogún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ fún olórí ilé-ìwé pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún leré náà máa jẹ́, kí o sì jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòótọ́. Tí wọ́n bá ní kí o wá ṣe òmíràn nígbà Kérésì, o ti wọlé nìyẹn.

Kí ni kó mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ike omi, pẹ́ńsù, ìwé kan tó nípọn tó ṣeé gbé lé ikùn, aṣọ tí kò ní pariwo tó bá dùbúlẹ̀. Kó má wọ sálúbàtà. Kó sì tètè dé: aago mẹ́sàn-án géérégé la ń ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wà níta á máa gbọ́ wa láti ojú fèrèsé títí di aago mẹ́wàá.